Wọ́n gba 9,354 sẹ́fà lórí gbèsè 3,200: kí ni kí n lọ sọ ní báńkì?

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ báńkì dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Mo yá owó lọ́dún tó kọjá láti fi parí òrùlé ilé mi. Ọjọ́ 25 oṣooṣù ni wọ́n ń yọ 45,000 sẹ́fà. Owó oṣù tèmi kì í sábà wọlé ṣáájú ọjọ́ 27 tàbí 28, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi owó sílẹ̀ dè wọ́n. Lóṣù tó kọjá, 46,000 ni mo fi sílẹ̀. Mo ní ó ti tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́ 1,000 kù. Mi ò rántí pé ọjọ́ 23 ló pé ọdún tí mo gba káàdì. Wọ́n yọ owó káàdì, 4,200. Ó ku 41,800. Nígbà tí ọjọ́ 25 dé, báńkì san 45,000 náà, mo wá jẹ wọ́n ní 3,200. Ọjọ́ 28 owó oṣù wọlé, gbèsè tán. Ọjọ́ mẹ́ta péré.

Lánàá mo lọ gba relevé, ìwé tí wọ́n ń to owó tó wọlé àti owó tó jáde sí. Ìwé ọ̀hún ṣá, tàdáwà inú ẹ̀rọ wọn ti fẹ́ tán, àfi bí mo ṣe gbé e síbi fèrèsé kí n tó rí ohun tí wọ́n kọ:

Commission forçage: 5,000
Frais de lettre: 3,500
Intérêts débiteurs: 4
Taxe: 850

Gbogbo rẹ̀ 9,354. Mo ka ìkẹta yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé òdo ló jábọ́ nídìí rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà ní guichet, ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn, ní «c'est le système, madame», pé bí ẹ̀rọ ṣe ṣe é nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn gan-an, pé mo dúpẹ́.

Aránṣọ Ouando

Pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún mi nígbà ọdún Iléyá, oníbàárà san owó aṣọ fún mi látinú compte (àkáǹtì báńkì) rẹ̀, mo rí i lórí fóònù pé ó ti wọlé, mo ná an, wọ́n ní owó náà kò tíì «wọlé ní tòótọ́». Mo pariwo débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọlé wá. Wọ́n dá 2,000 padà fún mi. Ẹ lọ pariwo, ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ẹ kọ̀wé sí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà! Ní tiwa níbí, tí o bá ti fi CBN sí orí lẹ́tà, wọ́n á dá owó padà.

Ọmọ Kétu

Ará wa, CBN kò ní ọ̀nà kankan wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ o. BCEAO, báńkì àpapọ̀ tó ń tẹ sẹ́fà wa, ló ni wá, Dakar ni orílé-iṣẹ́ wọn. Ẹ kú àfọkànsí ṣá.

Bàbá Guichet

Ọmọ mi Tíṣà, pẹ̀lẹ́. Ọdún 22 ni mo fi jókòó sẹ́yìn guichet kí n tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ní báńkì tìrẹ, n kò sì gbèjà ẹnikẹ́ni.

Òdo kankan kò jábọ́. Sẹ́fà 4 yẹn ni èlé. Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè 8 tí BCEAO ń tẹ owó fún, báńkì kò gbọ́dọ̀ gba èlé tó ju 15 nínú 100 lọ lọ́dún. Láti oṣù kìíní ọdún 2014 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Tàwọn ilé microfinance, àwọn tó ń yáni lówó kékeré, jẹ́ 24. Mú 15 nínú 100 lára 3,200, ó jẹ́ 480 fún ọdún kan gbáko. Pín in sí ọjọ́ 365, ó fi díẹ̀ lé ní sẹ́fà kan lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta, 4. Wọn kò rẹ́ ọ jẹ níbẹ̀ rárá. Bí o bá lọ pariwo «agios! agios!», ìyẹn èlé gbèsè báńkì, bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń pariwo, wọn á fi 4 sẹ́fà yẹn hàn ọ́, wàá sì di ẹni ẹ̀rín.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. 5,000 àti 3,500 ni kí o bá wọn sọ.

5,000, owó forçage: compte rẹ kò lè gbé 45,000, ẹnì kan tàbí ẹ̀rọ kan sì gbà kó kọjá. Ká sọ òtítọ́, wọ́n ṣe ọ́ lóore díẹ̀ níbẹ̀, torí bí wọ́n bá kọ̀, owó tí o yá náà ni kò ní san lọ́jọ́ tó yẹ, ìyẹn sì ní ìtanràn tirẹ̀. Àmọ́ oore 5,000 lórí 3,200!

3,500, owó lẹ́tà. Ìbéèrè mi ni pé lẹ́tà wo? Ṣé o rí i? Ṣé ó dé ilé, tàbí ilé ìwé, tàbí inú àpótí postà? Bí wọ́n bá gba owó lẹ́tà, kí wọ́n mú ẹ̀dà rẹ̀ jáde. Nígbà ayé mi, lẹ́tà tí a gba owó rẹ̀ pọ̀ ju lẹ́tà tí a kọ lọ. Mo ti sọ ọ́ báyìí.

Taxe, ti ìjọba ni, orí àwọn owó tó wà lókè ló jókòó sí. Bí wọ́n bá dá àwọn yẹn padà, taxe tiwọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n sábà máa ń «gbàgbé» ìyẹn.

Wàyí o, má lọ sí guichet mọ́. Ọmọ tó wà níbẹ̀ kò lágbára láti dá ọgọ́rùn-ún sẹ́fà padà, bó bá tiẹ̀ fẹ́. Wo ara ògiri nínú gbọ̀ngàn báńkì, wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ ìwé tí wọ́n ń pè ní «conditions de banque» síbẹ̀, ibẹ̀ ni iye gbogbo nǹkan wà. Ya fọ́tò rẹ̀. Bí forçage bá jẹ́ 3,000 lórí ògiri tí wọ́n sì gba 5,000, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bó bá jẹ́ 5,000 náà ni, a ṣì ní ọ̀rọ̀ kan.

Òfin usure, ìyẹn òfin tó lòdì sí èlé àpọ̀jù, ní kí wọ́n ka owó tó bá rọ̀ mọ́ yíyáni lówó pọ̀ mọ́ èlé, àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní TEG, òun sì ni kò gbọ́dọ̀ kọjá 15. Nítorí náà, béèrè ohun kan nínú lẹ́tà rẹ: TEG mélòó ni ẹ fi yá mi ní 3,200 fún ọjọ́ mẹ́ta? Báńkì lè dáhùn pé forçage kì í ṣe èlé, pé owó iṣẹ́ ni. Ìjà agbẹjọ́rò nìyẹn, kì í ṣe tìrẹ. Ìwọ kò béèrè kí o lè borí. O béèrè kí chef d'agence, ọ̀gá ẹ̀ka báńkì rẹ, lè rò ó pé ó rọrùn láti dá owó padà ju kó jókòó kọ ìdáhùn lọ.

Aránṣọ Ouando

Bàbá, ẹ ṣé é, àmọ́ ariwo tèmi ná ṣiṣẹ́ o.

Bàbá Guichet

Ó ṣiṣẹ́, o gba 2,000. Èló ni wọ́n yọ?

Aránṣọ Ouando

…7,000.

Ọmọ Kétu

Èmi ò ní fi ọjọ́ iṣẹ́ mi ṣòfò nítorí 9,000, kí n má purọ́. Láti ìta Kétu wá sí báńkì, owó kẹ̀kẹ́nọ̀ (ọ̀kadà) lọ bọ̀, kí èèyàn tò, kí wọ́n ní chef lọ ìpàdé, kí n padà wá lọ́la. Ta ló máa san ìyẹn fún mi? Ohun tí mo ṣe ni pé mo pín compte sí méjì. Owó oṣù ń wọ ọ̀kan, gbèsè ń jáde lára ọ̀kan náà, n kì í sì í ná owó kankan níbẹ̀. Káàdì kò sí lórí rẹ̀, SMS kò sí lórí rẹ̀. Kò sí ohun tó máa jáde níbẹ̀ lójijì. Èkejì ni mo fi ń ra nǹkan.

Ẹ sì má gbára lé MoMo, owó orí fóònù, lọ́jọ́ tó bá kù dẹ̀dẹ̀. Mo fi owó ránṣẹ́ láti fóònù lálẹ́ ọjọ́ 24 lẹ́ẹ̀kan, fóònù ní «ó ti lọ», báńkì ní ọjọ́ 26 ló dé. Bí ọjọ́ bá ti há, owó lọ́wọ́, guichet tààrà, láàárọ̀.

Ìyá Alájọ, Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ yín ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mò ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ọjọ́ kan péré ni mo mú fún ara mi, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èwo ni forçage? Èwo ni frais de lettre? Ẹ kó owó yín kúrò níbẹ̀.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ìyá, ẹ má bínú, owó oṣù ìjọba kò lè gba ọ̀dọ̀ yín wọlé 😄 Báńkì ni wọ́n ń sanwó fún wa sí. Ẹ sì rántí, ọjọ́ kan nínú ọgbọ̀n, ó lé ní 3 nínú 100 lóṣù kan! Bàbá Guichet á bá yín ṣe TEG rẹ̀.

Ìyá Alájọ, Àjàṣẹ́

Ẹsẹ̀ tí mo fi ń rìn yí Ouando ká láàárọ̀ ni mò ń tà, ọmọ mi. Báńkì kì í wá ẹnikẹ́ni délé.

Ará Ṣàbẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú ju ti Tíṣà lọ, torí mo mọ̀ pé ó wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ èèyàn níhìn-ín tí wọn kò tíì mọ̀.

Mo ṣí compte courant nígbà tí mò ń ṣòwò kajú, oníbàárà kan ní Kútọnu kò fẹ́ san owó lọ́wọ́. Nígbà tí òwò yẹn dópin, mo gba owó mi tán, ó ku 2,000, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pé ó di ọjọ́ mìíràn. N kò padà síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ó dín oṣù mẹ́ta ni mo tó padà lọ, mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù fi owó ránṣẹ́ sí mi níbẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí tí mo kọ́kọ́ béèrè. Mo jẹ wọ́n ní 31,000. 1,000 lóṣooṣù, owó tenue de compte (owó ìtọ́jú compte), oṣù 33. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ti fi 50,000 yẹn ránṣẹ́, wọn ì bá ti kọ́kọ́ mú tiwọn níbẹ̀.

Chef wọn dára, ó ní òun náà rí i pé n kò fọwọ́ kan compte náà láti ìgbà yẹn. A sọ̀rọ̀ títí, mo san 10,000, wọ́n pa ìyókù rẹ́, wọ́n sì pa compte. Ẹ má fi compte sílẹ̀ lásán bí ẹní fi ahéré sílẹ̀ lóko. Ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ kí wọ́n pa á.

Bàbá Guichet

Ará Ṣàbẹ, o ṣeun. Kí n fi èyí kún un: pípa compte, ọ̀fẹ́ ni. BCEAO ti ka iṣẹ́ 19 sílẹ̀ tí báńkì kò gbọ́dọ̀ gba owó lé lórí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2014. Ṣíṣí compte wà níbẹ̀, pípa á wà níbẹ̀, gbígba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì tìrẹ wà níbẹ̀, fífi owó ránṣẹ́ láti compte kan sí òmíràn nínú báńkì kan náà wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kó san «frais de clôture» (owó pípa compte), kó béèrè ìwé tí wọ́n ti kọ ọ́.

Oníṣòwò Símẹ́ńtì

Ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ẹ má fi èyí wé ti chèque o. Báńkì lè jẹ́ kí owó gbèsè ara rẹ̀ kọjá, torí àpò rẹ̀ náà ló ń padà sí. Bó bá jẹ́ chèque lẹ kọ fún ẹlòmíràn tí owó kò sì tó, wọ́n lè dá a padà, lẹ́tà ìkìlọ̀ á sì dé. Bí ẹ kò bá tún un ṣe láàárín àkókò tí lẹ́tà náà fún yín, wọ́n á fòfin de yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ chèque fún ọdún 5, ní báńkì gbogbo, kì í ṣe tiyín nìkan. Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí mò ń kó ọjà fún. Owó lọ́wọ́ ló ń ná títí di òní.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Bàbá Guichet, lẹ́tà kankan kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé wa, mo béèrè lọ́wọ́ onílé wa àtijọ́ nítorí àdírẹ́sì ibẹ̀ ni mo fi ṣí compte. Kò sí. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́? Mo mọ Faransé tí a ń fi kọ́ ọmọ, n kò mọ Faransé báńkì.

Bàbá Guichet

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Faransé báńkì tí o nílò: extourne. Ìyẹn ni kí wọ́n yí owó tí wọ́n yọ padà sínú compte. Bí wọ́n bá rí i nínú lẹ́tà, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ta ló wà lẹ́yìn obìnrin yìí.

Ojú ìwé kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sí chef d'agence. Lókè, nọ́ńbà compte rẹ. Lẹ́yìn náà ohun tó ṣẹlẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́ fún wa: ọjọ́ 23 owó káàdì, ọjọ́ 25 owó gbèsè, ọjọ́ 28 owó oṣù. Má bẹ̀bẹ̀, má sì bú ẹnikẹ́ni. Kọ pé o ń san gbèsè rẹ láìyẹ̀ láti ìgbà tí o ti yá a. Báńkì mọ iyì ìyẹn ju bí o ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà: «Je sollicite l'extourne des frais ci-après» (mo ń tọrọ kí ẹ dá àwọn owó yìí padà), kí o to 5,000, 3,500 àti taxe wọn sísàlẹ̀. Béèrè ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n gba 3,500 lé lórí. Béèrè TEG. Parí rẹ̀ pẹ̀lú pé bí kò bá sí àṣìṣe kankan, o ń tọrọ geste commercial, ìyẹn oore tí báńkì ń ṣe fún oníbàárà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ilẹ̀kùn tí wọ́n lè gbà jáde láìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, fi sílẹ̀ fún wọn.

Tẹ̀ ẹ́ ní méjì. Mú méjèèjì lọ sí secrétariat (ọ́fíìsì akọ̀wé). Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èkejì, décharge rẹ nìyẹn. Láìsí òǹtẹ̀, o kò kọ lẹ́tà kankan, afẹ́fẹ́ lo bá sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn, wàá fi ẹ̀dà décharge náà pẹ̀lú lẹ́tà mìíràn ránṣẹ́ sí orílé-iṣẹ́ báńkì rẹ ní Kútọnu. Lẹ́yìn wọn ni BCEAO, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ní Kútọnu náà, àti Commission Bancaire, àwọn tó ń ṣọ́ àwọn báńkì, ní Abidjan. Ọ̀rọ̀ 9,000 kì í sábà dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kan náà, béèrè kí wọ́n sún ọjọ́ gbèsè rẹ láti 25 sí 5. Ibẹ̀ ni àìsàn náà wà. Ìwé kékeré kan ni wọ́n á ní kí o fọwọ́ sí. Kí o tó fọwọ́ sí i, béèrè èló ni ìwé yẹn fúnra rẹ̀.

Ọmọ Kétu

Èló ni ìwé yẹn fúnra rẹ̀ 😂😂 Bàbá, ẹ ti jẹ ìyà báńkì ju àwa oníbàárà lọ.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti gbé lẹ́tà lọ.

Ọmọkùnrin tó wà ní secrétariat kò fẹ́ lu òǹtẹ̀. Ó ní kí n kàn fi sílẹ̀, pé «on va vous rappeler», wọ́n á pè mí padà. Mo jókòó. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde nínú báàgì, mo ń máàkì rẹ̀ níbẹ̀. Ó tó ogún ìwé kí ó tó na ọwọ́ sí òǹtẹ̀.

Lónìí chef pè mí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò mẹ́nu ba TEG rárá, ńṣe ló fi ìwé bo ibẹ̀ nígbà tó ń ka lẹ́tà mi. Wọ́n wá lẹ́tà 3,500 títí, wọn kò rí i, torí náà wọ́n dá 3,500 padà. Nínú 5,000, wọ́n dá 2,500 padà, «à titre commercial». Bàbá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Iye tó wà lára ògiri jẹ́ 5,000 lóòótọ́, mo ti ya fọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ gbèsè mi ti di ọjọ́ 5, láti oṣù tó ń bọ̀. Mo béèrè èló ni ìwé yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀fẹ́ ni, mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì kọ ọ́.

Aránṣọ Ouando

6,000! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣẹ́gun o. Mo ti ń wá relevé tèmi.

Bàbá Guichet

Ó dára, ọmọ mi. Taxe ńkọ́? 600 ló yẹ kó tẹ̀ lé 6,000 yẹn.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Wọ́n «gbàgbé» ẹ̀. Mo béèrè, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Bàbá Guichet

Mú ìwé àwọn ọmọ yẹn dání.